Nọ́ọ̀sì Kejì Kò Sí Níbẹ̀

Rìbọ́n pínǹkì náà kọ̀, kò tán. Ọkùnrin gíga kan dúró níwájú tábìlì àyẹ̀wò ní ilé ìdánwò tó wà ní ìlú Duluth, ó ń fà á jáde láti inú àpò ẹ̀wù òtútù rẹ̀ bí ẹni ń tú ìfun ẹran. Rìbọ́n ti kún orí tábìlì, ó ti wọ́ dé ilẹ̀, ó ti ń yí ẹsẹ̀ àga ká. Obìnrin tó ń yẹ àpò àwọn olùdánwò wò, ẹni tí kì í rẹ́rìn-ín sí ẹnikẹ́ni, ká ọwọ́ lé àyà, ó ń wò ó.

"Ọ̀gbẹ́ni, ṣé ó lópin rárá?"

"Ẹ má bínú, màdáàmù. Awọnlẹ̀ ni mí. Òun la máa ń so mọ́ igi láti fi mọ ibi tí ààlà gbà. Mo gbàgbé pé ó wà níbẹ̀ ni."

"Kí ló tún wà níbẹ̀?"

Ó ki ọwọ́ bọ àpò kejì. Ó mú ìṣó jáde, ó mú ṣúìtì tó ti lẹ̀ mọ́ bébà jáde, ó mú ìbọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo jáde.

"Ìkejì rẹ̀ ńkọ́?"

"Òun ni mò ń wá láti oṣù tó kọjá."

Kaisa Lehto, tó tò sẹ́yìn rẹ̀, bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà ya òun fúnra rẹ̀ lẹ́nu. Láti ìgbà tí wọ́n ti sin ìyá rẹ̀ nígbà tí ewé ń wọ́, kò tíì gbọ́ irú ohùn bẹ́ẹ̀ lẹ́nu ara rẹ̀. Ọkùnrin náà yíjú padà. Òtútù ti mú ojú rẹ̀ pọ́n, yìnyín díẹ̀ ṣì wà nínú irùngbọ̀n rẹ̀. Kò bínú. Ó tẹrí ba fún un bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣeré tán lójú agbo, ó sì wọlé lọ.

Ìdánwò wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Ti ọkùnrin náà jẹ́ ti ìwé àṣẹ àwọn awọnlẹ̀. Ti Kaisa jẹ́ ti àwọn tó fẹ́ wọ ilé ẹ̀kọ́ gíga fún oyè kejì. Ó ti ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì fún ọdún mọ́kànlá. Ohun tó ń wá báyìí ni oyè tí yóò fún un láṣẹ láti yẹ aláìsàn wò, kó mọ ohun tó ń ṣe é, kó sì kọ oògùn fún un láìsí dókítà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ní Korpi, ìlú àwọn awakùsà tí wọ́n bí i sí, ilé ìwòsàn kékeré tó wà níbẹ̀ ti wà ní títì láti ìgbà tí dókítà àgbà ti fẹ̀yìn tì. Ẹni tí àyà bá ń dùn níbẹ̀ ní láti wakọ̀ la igbó já kó tó rí ẹni tí yóò fọwọ́ kàn án. Ìgbìmọ̀ ìlú ti sọ pé bí ọmọ ìlú kan bá gba oyè náà, àwọn yóò ṣí i padà. Kaisa nìkan ló ń gbìyànjú. Nítorí náà, máàkì tí kọ̀ǹpútà kan fẹ́ fún un lọ́jọ́ náà kì í ṣe tirẹ̀ nìkan.

Kọ̀ǹpútà kò mọ èyí. Kaisa dáhùn ìbéèrè ìṣirò àkọ́kọ́, ó bo ìdáhùn náà mọ́lẹ̀, ó tún un ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó dáhùn èkejì, ó tún un ṣe. Ìdáhùn méjèèjì ń bá ara wọn mu nígbà gbogbo. Ṣùgbọ́n nígbà tí àkókò tán, ọ̀pọ̀ ìbéèrè ṣì ń wò ó lójú tí kò tíì fọwọ́ kàn. Máàkì rẹ̀ hàn lójú ẹsẹ̀. Kò tó èyí tí ilé ẹ̀kọ́ ń béèrè.

Ó jáde lọ síbi tó gbé ọkọ̀ sí. Ó yí kọ́kọ́rọ́, ọkọ̀ kò dáhùn. Òtútù ti pa bátìrì. Ó gbé orí lé sítíárì.

Ẹnìkan kan gíláàsì. Awọnlẹ̀ náà ni, ó gbé wáyà bátìrì kọ́ ọrùn bí ìlẹ̀kẹ̀.

"Ẹ̀yin lẹ fi mí rẹ́rìn-ín lẹ́ẹ̀kan."

"Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú."

"Mi ò bínú o. Òun ni mo fi dá yín mọ̀. Ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì."

Ó so wáyà mọ́ ọkọ̀ tirẹ̀, ó so ó mọ́ ti Kaisa, ọkọ̀ sì jí.

"Ẹ má pa á o, ẹ jẹ́ kó máa ṣiṣẹ́. Ẹ ti jẹun?"

"Rárá."

"Èmi náà ò tíì jẹun. Ó dá mi lójú pé mo yege, kò sì dáa kéèyàn máa dá yọ̀." Ó wo ojú Kaisa dáadáa. "Ẹ̀yin ńkọ́?"

"Mo kùnà."

"Háà. Kò tiẹ̀ wá dáa rárá kéèyàn máa dá kùnà."

Wọ́n jẹ ọbẹ̀ ìrẹsì dúdú ní ilé oúnjẹ kan tó kọjú sí adágún omi. Emil Zupan lorúkọ rẹ̀. Ó ti pé ọmọ ọdún méjìdínlógójì, kò níyàwó, ìlú kejì sí Korpi ló ti wá. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti wọn ibi tí ọ̀nà tuntun yóò gbà. Ó ń jẹun bí ẹni tí kò jẹun láti àná, ó sì ń béèrè ọ̀rọ̀ bí ẹni tó fẹ́ gbọ́ ìdáhùn.

"Ẹ jẹ́ ká yé bọ̀wọ̀ fún ara wa báyìí," ni Emil wí nígbà tí ọbẹ̀ tán. "Ó ń ṣe mí bíi pé mo jẹ́ ẹ̀gbọ́n bàbá yín."

"Kò burú. Ìwọ ni kí o sanwó ọbẹ̀, ẹ̀gbọ́n bàbá mi."

Ó rẹ́rìn-ín títí. Lẹ́yìn náà ó ti àwo sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Ṣé o lè tún ìdánwò yẹn ṣe?"

"Mo lè tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan sí i kí ilé ẹ̀kọ́ tó ti ilẹ̀kùn ọdún yìí."

"Bí ẹṣin bá dáni, a tún un gùn ni."

"Ẹṣin yìí dá mi tán, ó tún tẹ̀ mí mọ́lẹ̀."

"Ìṣirò ni mo fi ń jẹun, Kaisa. Mo lè máa wá bá ọ ní ọjọ́ Sátidé."

"Kí ni wàá gbà?"

"Kọfí. Kí o sì máa fi mí rẹ́rìn-ín bíi ti òwúrọ̀ yìí."

Bí Emil ṣe di ẹni tó ń wá sí Korpi nìyẹn.

Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ dé, Arvo Lehto, bàbá Kaisa, wà lẹ́nu ọ̀nà, ó ń kó yìnyín kúrò lójú àtẹ̀gùn. Awakùsà tó ti fẹ̀yìn tì ni, ọ̀rọ̀ kì í pọ̀ lẹ́nu rẹ̀ tẹ́lẹ̀, ikú ìyàwó rẹ̀ sì ti gba púpọ̀ nínú èyí tó kù. Ó wo ọkọ̀ Emil, ó rí rìbọ́n pínǹkì rẹpẹtẹ lẹ́yìn gíláàsì.

"Ta ló ni èyí?"

"Èmi ni, Bàbá. Awọnlẹ̀ ni mí."

"Nígbà tí mo wà ní kékeré, irú yín wá sí àdúgbò wa. Wọ́n bọ̀ wá lọ́wọ́, wọ́n so rìbọ́n mọ́ igi, wọ́n mu kọfí ìyá mi. Nígbà tó máa fi di ọdún kejì, kòtò ìwakùsà ti gbé ilé wa mì. Ṣé kọfí nìwọ náà wá mu?"

Emil bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀. Ó ní, "Bí ẹ bá fún mi, Bàbá."

Arvo wò ó títí. "Ó wà nínú ìkòkò. Bù ú fúnra rẹ." Ó padà sídìí yìnyín rẹ̀.

Nínú ilé, Kaisa rọra sọ̀rọ̀ sí Emil létí. "Ó ti fẹ́ràn rẹ."

"Èyí nìfẹ́?"

"Ó júwe ìkòkò fún ọ. Oníwàásù tó wá lọ́sẹ̀ tó kọjá, bàbá mi júwe ọ̀nà ilé fún un ni."

Òjò yìnyín ń rọ̀, Sátidé ń tẹ̀lé Sátidé. Wọn a tẹ́ ìwé sórí tábìlì ìdáná, kọfí lápá kan, mítípáì ńlá tí Kaisa ṣe lápá kejì. Emil kì í ṣe olùkọ́ onísùúrù. Ó máa ń fo ìlà mẹ́ta nínú ìṣirò, Kaisa a sì fi pẹ́ńsù gbá a lọ́wọ́ pé kó padà wá mú òun níbi tó fi òun sí. Ó máa ń gbàgbé ìbọ̀wọ́ rẹ̀ síbẹ̀. Nígbà tó ṣe, Kaisa bẹ̀rẹ̀ sí í rò pé kì í ṣe ìgbàgbé, nítorí àárín ọ̀sẹ̀ ló máa ń wá mú un. Bí ó bá lọ, ilé a dákẹ́, Kaisa a sì rí i pé òun ti ń ka ọjọ́ tó kù kí Sátidé tó dé. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó ti pẹ́ tó ti rò pé apá tó máa ń retí ènìyàn lára òun ti kú pẹ̀lú ìyá òun. Ó ń fi ọwọ́ kàn án díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ń yẹ egbò wò, ó sì rí i pé ẹ̀jẹ̀ ṣì ń ṣàn níbẹ̀.

Ní ọ̀sán Sátidé kan, Emil ju pẹ́ńsù sílẹ̀.

"Ta lò ń wò?"

"Ta ni mo wò?"

"O ń wo ẹnìkan. Bí o bá ti kọ ìdáhùn tán báyìí, o máa ń gbójú sókè wo apá òsì rẹ. Apá ọ̀tún lèmi jókòó sí. Kì í ṣe èmi lò ń wò. Mo tiẹ̀ ti ń jowú."

Kaisa fẹ́ jiyàn. Lẹ́yìn náà ó ronú, ojú tì í. "Nọ́ọ̀sì kejì ni mò ń wò."

Ó ṣàlàyé fún un. Níbi iṣẹ́ wọn, àwọn oògùn kan wà tí nọ́ọ̀sì kan kì í dá fúnni, irú bí abẹ́rẹ́ àtọ̀gbẹ àti oògùn tó ń mú kí ẹ̀jẹ̀ má dì. Nọ́ọ̀sì kìíní yóò ṣírò ìwọ̀n rẹ̀, kò ní sọ ohun tó rí. Nọ́ọ̀sì kejì yóò ṣírò tirẹ̀ lọ́tọ̀. Bí méjèèjì bá bá ara wọn mu, wọn yóò fọwọ́ sí i, oògùn yóò wọlé. Ọdún mọ́kànlá ni Kaisa ti fi ṣe bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ kò lè jọ̀wọ́ iye kan tí ojú kejì kò tíì rí. Nínú yàrá ìdánwò, nọ́ọ̀sì kejì kò sí níbẹ̀. Kaisa sọ ara rẹ̀ di nọ́ọ̀sì kìíní, ó sọ ara rẹ̀ di èkejì, aago sì jẹ ẹ́ run láàárín àwọn méjèèjì.

Emil gbá tábìlì. Inú rẹ̀ dùn gan-an. "Ṣé ohun tó ń bá ọ jà nìyẹn? Ìwà rere! Kaisa, kò le. Bí o bá ti rí i pé aago ń lọ, má wulẹ̀ ṣírò mọ́. Ṣáà méfò. Mú ọ̀kan, kí o kọjá."

Pẹ́ńsù dúró lọ́wọ́ Kaisa. "Kí lo ní kí n ṣe?"

"Kí o méfò. Gbogbo ayé ló ń ṣe é. Ìwé ìdánwò kì í ṣe ènìyàn, kò ní kú."

"Máa lọ sílé."

"Kí ni mo wí?"

"Jọ̀wọ́, Emil. Máa lọ sílé."

Arvo ń la igi lẹ́yìnkùlé nígbà tí Emil jáde. Kò dá iṣẹ́ dúró. "Mo gbọ́. Ògiri ilé mi kò nípọn."

"Bàbá, mi ò mọ ohun tí mo ṣe."

Arvo gbé àáké kalẹ̀. "Ó rẹ ìyá rẹ̀ títí. A wakọ̀ lọ bá dókítà kan lọ́nà jíjìn. Ó wò ó fìrí, ó ní ọjọ́ orí ni. Kò yẹ̀ ẹ́ wò. Ó méfò. Nígbà tí ẹlòmíràn fi máa wá mọ ohun tó jẹ́, ẹ̀pa kò bóró mọ́. Ọ̀rọ̀ tí o sọ nínú ilé ìdáná rẹ̀ lónìí nìyẹn."

Emil kò lè gbójú sókè. "Mi ò mọ̀, Bàbá."

"Mo mọ̀ pé o ò mọ̀. Ìdí tí mo fi sọ fún ọ nìyẹn. Máa lọ kí ojú ọ̀nà tó dì."

Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, sísá ni yóò sá. Kaisa mọ̀ pé Emil kò ní ibi nínú. Ó mọ̀ ọ́n lọ́jọ́ náà, ó tún mọ̀ ọ́n dáadáa ní ọjọ́ kejì. Ṣùgbọ́n kò mọ bí èèyàn ṣe ń pe ẹni tó ti lé jáde padà. Sátidé kan kọjá, òmíràn kọjá. Ìbọ̀wọ́ Emil wà lórí fèrèsé, kò wá mú un.

Arvo wo inú ìkòkò. "Kọfí ti ń pọ̀ jù nínú ilé yìí," ló wí, ó sì jáde.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan ní wọ́ọ̀dù ilé ìwòsàn tí Kaisa ti ń ṣiṣẹ́ ní ìlú mìíràn, bàbá arúgbó apẹja kan ń ṣàròyé fún un pé ọbẹ̀ ilé ìwòsàn kò níyọ̀. Àárín gbólóhùn náà ni ọkàn rẹ̀ dúró. Kaisa ti wà lórí àyà rẹ̀ kí ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ ọkàn tó pariwo. Ó ń tẹ̀ ẹ́, ó ń kà, ó ń pe iye oògùn sókè, wọ́n ń fi í sí i lára bó ṣe ń pè é. Lorna Odegaard, àgbà nọ́ọ̀sì tó kọ́ ọ níṣẹ́, wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Nígbà tó ṣe, ọkàn arúgbó náà lu lẹ́ẹ̀kan, ó tún lu, ó sì ń lu lọ.

Àwọn méjèèjì dúró nídìí omi, wọ́n ń fọwọ́.

"Ta ló bá ọ tún ìwọ̀n oògùn yẹn ṣírò?" ni Lorna béèrè.

"Kò sí ẹni tó tún un ṣírò, Màmá. Kò sáyè."

"Ṣé ó tọ̀nà?"

"Ó tọ̀nà."

"Hẹn-ẹn. Nítorí mo gbọ́ pé ẹnìkan ń kùnà ìdánwò ní Duluth torí pé èmi ò sí níbẹ̀."

"Ta ló sọ fún yín?"

"Bàbá rẹ ni. A pàdé níbi tí wọ́n ti ń ta búrẹ́dì. Ó bá mi sọ̀rọ̀ tó ìlà mẹ́rin, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ ní kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn." Ó nu ọwọ́, ojú rẹ̀ sì rọ̀. "Kaisa, kì í ṣe pé o méfò níbẹ̀ yẹn. Ọdún mọ́kànlá ló gba ẹnu rẹ sọ̀rọ̀. O ò lè mọ ìyàtọ̀ ni?"

Kaisa ń wakọ̀ lọ sílé, ọ̀rọ̀ náà ń yí lórí rẹ̀. Ó rántí ọjọ́ tí bọ́ọ̀sì kan yí dànù lójú yìnyín, tí wọ́n kó àwọn tó fara pa dé lẹ́ẹ̀kan náà. Kò sí nọ́ọ̀sì tó bẹ̀rẹ̀ lórí ẹni tó sún mọ́ ẹnu ọ̀nà jù, kó wá dúró tì í títí yóò fi san. Wọ́n rìn yí gbogbo wọn ká. Ẹni tó ṣeé tètè ràn lọ́wọ́, wọ́n ràn án lọ́wọ́ kíá. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ gùn, wọ́n fi àmì sí i lára, wọ́n sì padà wá. Ẹni tó kọjá agbára wọn, wọ́n bò ó láṣọ, wọn kò fi í pa àwọn tó kù. Ìyẹn kì í ṣe ìméfò. Iṣẹ́ òun ni. Òun ti mọ̀ ọ́n ṣe tipẹ́, òun kò kàn mọ̀ pé a lè mú un wọ yàrá ìdánwò.

Ó gbé ọkọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, ó pe Emil.

"Emil."

"Mò ń gbọ́."

"Kọfí ti ń pọ̀ jù nílé wa."

Emil mí kanlẹ̀. "Bàbá ti sọ ti ìyá rẹ fún mi. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń wá ọ̀rọ̀ tí màá fi bẹ̀ ọ́. Mi ò rí èyí tó tó."

"Má wá a mọ́. Èmi náà lé ọ bí ẹni ń lé ewúrẹ́. Mú àwọn ìwé yẹn bọ̀, mo ti rí ọ̀nà."

"Ọ̀nà wo?"

"Ìjàǹbá bọ́ọ̀sì."

"Kí lo wí?"

"Ṣáà máa bọ̀, màá ṣàlàyé, àyànfẹ́."

Kò tíì pè é bẹ́ẹ̀ rí.

"Tún un pè," ni Emil wí.

"Kọ́kọ́ dé ná."

Láti ọjọ́ náà, Kaisa ló di olùkọ́. Òun ló ń fi ṣíbí ṣúgà lu tábìlì bí aago, Emil a sì máa ka àwọn ìbéèrè jáde bí ẹni ń kó aláìsàn wọlé. "Èyí ń wúkọ́!" "Fi í síwájú, yóò san." "Orí èyí ti fọ́!" "Bò ó láṣọ." Arvo dúró lẹ́nu ọ̀nà ìdáná, ó gbọ́ ọ. "Ṣé ìṣirò lẹ̀ ń ṣe àbí ẹ̀ ń sìnkú?" ló béèrè. Kaisa àti Emil wo ara wọn. Ó tó ìgbà díẹ̀ kí wọ́n tó mọ̀ pé bàbá náà ń ṣẹ̀fẹ̀.

Ní oṣù Máàṣì, ní ọjọ́ ìdánwò, ojú ọ̀nà dì bíi gíláàsì. Arvo ní òun lòun yóò wakọ̀, nítorí àwọn ọmọ ìsinsìnyí kò mọ ọ̀nà yìnyín. Emil jókòó sẹ́yìn, eékún rẹ̀ kan àgbọ̀n. Báyìí ni wọ́n ṣe dé Duluth.

Kaisa jókòó síwájú kọ̀ǹpútà. Ìbéèrè àkọ́kọ́ dé. Ó dáhùn rẹ̀. Ojú rẹ̀ yí lọ sí òsì, ó rí ògiri funfun. Ó rántí àyà arúgbó apẹja lábẹ́ àtẹ́lẹwọ́ òun, bó ṣe le, bó ṣe wá lu. Ó yí ojú padà, ó lọ bá ẹni tó kàn. Ó rìn yí wọn ká, ó wo àwọn tó ṣeé tètè wò, ó fi àmì sí àwọn tí iṣẹ́ wọn gùn, ó padà wá bá wọn lẹ́yìn náà. Méjì wà nínú wọn tó kọjá agbára rẹ̀. Ó bò wọ́n láṣọ. Nígbà tí àkókò tán, òun náà ti ṣe tán.

Máàkì hàn. Ó kà á lẹ́ẹ̀kan, kò tún un kà.

Kò dìde lójú ẹsẹ̀. Ó fi ọwọ́ méjèèjì lé itan, ó dúpẹ́. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Lorna, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ arúgbó tí ọbẹ̀ rẹ̀ kò níyọ̀, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo aláìsàn tó ti nawọ́ sí i kó gún wọn lábẹ́rẹ́. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀. Obìnrin tábìlì àyẹ̀wò ń wò ó bó ṣe ń jáde.

"Ọkùnrin kan ti wọlé lẹ́ẹ̀mẹta pé ṣé ẹ ti parí. Ẹ lọ bá a kó tó tún tú àpò rẹ̀ sílẹ̀ fún mi."

Emil ń rìn síwá sẹ́yìn níta. Arvo ló béèrè. "Ṣé ó tó?"

"Ó tó, Bàbá. Ó tiẹ̀ lé."

Arvo yíjú kúrò, ó bẹ̀rẹ̀ sí í nu gíláàsì ọkọ̀ tí kò dọ̀tí. Ó nù ún pẹ́.

Nígbà tí wọ́n padà dé Korpi, kò wọ inú ilé. Ó lọ dáná sí ilé ìlàágùn lẹ́yìnkùlé, yàrá pákó tí wọ́n ti ń fi ooru òkúta wẹ̀ ní alẹ́ Sátidé, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ọjọ́ náà kì í ṣe Sátidé. Nígbà tí àwọn òkúta ibẹ̀ gbóná tán, ó wá sẹ́nu ọ̀nà ìdáná. Ó nawọ́ sí Emil. "Ìwọ. Wá bọ́ aṣọ rẹ." Kaisa dá ọwọ́ dúró nídìí àwo. Bàbá rẹ̀ kò tíì pe ẹnikẹ́ni wọ ibẹ̀ láti ìgbà ìsìnkú.

Ohun tí wọ́n sọ níbẹ̀, Emil ló ròyìn rẹ̀ fún un lẹ́yìn náà. Wọ́n jókòó, òógùn ń ṣàn lára wọn. Nígbà tí Emil rí i pé ooru fẹ́ gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu òun, ó ní, "Bàbá, mo fẹ́ fi Kaisa ṣaya."

Arvo da omi sórí òkúta. Èéfín gba gbogbo ibẹ̀ kan. "Ọmọ mi kì í ṣe ilẹ̀ tí ẹnìkan ń wọ̀n fún ẹnìkan. Òun ló ni ara rẹ̀. Jáde lọ bi í."

"Nísinsìnyí, Bàbá? Ìhòòhò ni mo wà."

"Mú táwẹ́ẹ̀lì."

Kaisa ń da omi àwo nù lẹ́yìnkùlé nígbà tó rí i tó ń bọ̀ nínú yìnyín, ó pọ́n bíi ata, èéfín ń jáde lára rẹ̀, ó di táwẹ́ẹ̀lì mú bí ẹni di ọmọ mú.

"Emil! Ẹsẹ̀ rẹ wà nínú yìnyín."

"Mo mọ̀. Tètè dá mi lóhùn."

"O ò tíì béèrè nǹkan kan."

"Ṣé wàá fẹ́ mi?"

Kaisa gbé ọpọ́n sílẹ̀. "Bí ilé ẹ̀kọ́ bá gbà mí, ọdún méjì ni màá fi wà lọ́hùn-ún."

"Mo mọ ọ̀nà ibẹ̀. Èmi ni mo wọn apá kan nínú rẹ̀."

"Bí wọ́n bá wá kọ̀ mí ńkọ́?"

"A ó tún kọ̀wé sí wọn. Kaisa, jọ̀ọ́, ẹsẹ̀ mi."

"Ó dáa."

"Kí ló dáa?"

"Màá fẹ́ ọ, olólùfẹ́ mi. Yáa padà sínú ooru, mi ò fẹ́ di opó kí n tó dìyàwó."

Láti inú ilé ìlàágùn, wọ́n gbọ́ tí omi tún dà sórí òkúta.

Ní oṣù Méè, nígbà tí yìnyín kúrò lójú adágún omi, ilé ẹ̀kọ́ ránṣẹ́ pé wọ́n gbà á. Ní ìparí oṣù Ògọ́ọ̀sì, wọ́n ṣe ìgbéyàwó ní ṣọ́ọ̀ṣì Korpi. Lẹ́yìn ìsìn, gbogbo èèyàn sọ̀ kalẹ̀ lọ sí yàrá ìsàlẹ̀ fún kọfí àti àkàrà òyìnbó ẹlẹ́pàá tí ìyá Emil yan. Apẹja arúgbó wà níbẹ̀, ó ń ṣàròyé pé wọ́n fi ṣúgà sí i jù.

Nígbà tó yá, Arvo dìde. Gbogbo yàrá yíjú sí i, nítorí kò sí ẹni tó ti rí i kó dìde sọ̀rọ̀ rí. Ó di ẹ̀yìn àga mú.

"Ìyàwó mi kò sí níbí," ló wí. "Mo rò pé nígbà tó lọ, ohun tí mo lè dúpẹ́ lé lórí ti tán. Kò tán. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ọmọ mi. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ọkọ rẹ̀." Ó jókòó. Kò sí ẹni tó pàtẹ́wọ́. A kì í pàtẹ́wọ́ sí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Lorna kàn bu kọfí sí i níwájú.

Ní ọjọ́ kẹta, Emil ń fi ọkọ̀ gbé Kaisa lọ sí ìlú ńlá tí ilé ẹ̀kọ́ náà wà, ẹrù rẹ̀ kún ẹ̀yìn ọkọ̀. Kí wọ́n tó jáde ní Korpi, ó yà síwájú ilé ìwòsàn tó wà ní títì, ó sì fún un ní kọ́kọ́rọ́ kan.

"Níbo lo ti rí èyí?"

"Ìgbìmọ̀ ìlú fún mi. Mo ní kí n máa kun ògiri rẹ̀ ní ọjọ́ Sátidé kí o tó dé. Mi ò mọ ohun tí màá fi Sátidé ṣe mọ́."

Kaisa wò ó, omi lé ròrò sójú rẹ̀. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó ki kọ́kọ́rọ́ bọ ilẹ̀kùn. Ó le díẹ̀, ó fi èjìká tì í. Ilẹ̀kùn ṣí. Eruku wà lórí ibùsùn, eruku wà lórí òṣùwọ̀n, àga tí àwọn aláìsàn máa ń jókòó sí ṣì tò lẹ́bàá ògiri bí ìgbà tí ìyá rẹ̀ máa ń mú un wá fún abẹ́rẹ́ ní kékeré. Ó ṣí fèrèsé kan, ó ṣí èkejì. Lẹ́yìn náà, ó jáde, ó wọ ọkọ̀.

Emil lọ di ilẹ̀kùn mú láti tì í.

"Má tì í," ni Kaisa wí. "Jẹ́ kí afẹ́fẹ́ wọ̀ ọ́ títí wàá fi padà dé."